Gíláàsì iwájú tí mo dè mọ́ ọ̀kadà mi: oṣù mẹ́fà láàárín Adó sí Ẹ̀fọ̀n

Àwa tí à ń gun ọ̀kadà lọ sọ́nà jíjìn l'Ékìtì mọ ọgbọ́n jákẹ́ẹ̀tì dáadáa: ènìyàn á wọ̀ ọ́ ní àwọ̀dà, síìpù á bọ́ sẹ́yìn, kí afẹ́fẹ́ má baà rí ihò kankan gbà wọ àyà. Ọdún mẹ́rin ni mo fi ṣe bẹ́ẹ̀. Oògùn adìyẹ ni mò ń tà. Láti Adó ni mo ti ń gbé e fún àwọn olóko, Ìyìn, Ìgẹ̀dẹ̀, Àràmọ̀kọ, títí dé Ẹ̀fọ̀n Aláayè, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Ẹni tó bá ti gun òkè Ẹ̀fọ̀n rí láàárọ̀ kùtù nígbà ọyẹ́ mọ̀ pé ó níbi tí agbára jákẹ́ẹ̀tì mọ. Omi á máa já bọ́ lójú, imú á dí, ìka á le gbagidi lórí kílọ́ọ̀ṣì. Ikọ́ mi wá di ohun tí àwọn oníbàárà fi ń dá mi mọ̀.

Ìyẹn ló gbé mi dé ìdí wínṣíìlì, gíláàsì tí wọ́n ń dè mọ́ iwájú ọ̀kadà. Ó ti pé oṣù mẹ́fà báyìí. Ó ti rí ọyẹ́, ó ti rí òjò, èmi náà sì ti rí tèmi.

Ìsọ̀ páàtì kan l'Ádó ni mo ti rà á. ₦28,000 ni ọmọkùnrin náà pè é, mo ná an títí ó fi gba ₦21,500, pẹ̀lú irin méjì tó ń dì í mú àti bóòtù wọn. Kì í ṣe dígí o, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gíláàsì là ń pè é. Ike líle tó mọ́ gaara ni, oríṣi méjì ló sì wọ́pọ̀: acrylic àti polycarbonate. Acrylic kì í tètè ha, ṣùgbọ́n bí òkúta bá ta bà á, ó lè fọ́. Polycarbonate ní tirẹ̀, nǹkan kékeré ló máa ha á lára, àmọ́ kí ó tó fọ́, ojú á rí nǹkan. Mo mú polycarbonate, torí òkúta tí táyà tírélà ń ta sẹ́yìn lọ́nà wa kì í ṣe kékeré.

"Ẹ̀gbọ́n, ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ni," mẹkáníìkì mi wí. Wákàtí kan àti ààbọ̀ ló gbà wá. Boxer ni máṣíìnì mi. Irin méjèèjì jókòó sórí hándù, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. A dè é tán, ó dára lójú, àfi ìgbà tí a yí hándù sósì dópin tí irin òsì tẹ wáyà kílọ́ọ̀ṣì, tí kílọ́ọ̀ṣì fúnra rẹ̀ sì fà. Ẹ wo kọ́nà òkè tí ìyẹn ìbá ti bá mi! Torí náà, ẹ yí hándù sọ́tùn-ún, ẹ yí i sósì, kó dópin, kí ẹ tó sanwó iṣẹ́. A gé tyúùbù àlòkù sábẹ́ irin náà kó má baà máa yọ̀, a sì fi rọ́bà sábẹ́ orí bóòtù kọ̀ọ̀kan. Bí irin bá gún ike náà ní tààrà, tí wọ́n tún wá fi sípánà fún un bí ẹni ń fún táyà mọ́tò, ojú ihò yẹn gan-an ló máa ti là.

Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, mi ò tíì kọjá Ìyìn tí mo fi rẹ́rìn-ín. Àyà mi gbẹ, ó móoru. Ọrùn mi ò wúwo. Ohun tí ọ̀pọ̀ wa kò kà sí ni pé bí ènìyàn bá kúrò lórí eré 40 kìlómítà ní wákàtí kan bọ́ sórí 80, kì í ṣe ìlọ́po méjì ni afẹ́fẹ́ fi ń tì í sẹ́yìn, ìlọ́po mẹ́rin ni. Ara á máa bá a jìjàkadì láì mọ̀, tó bá délé, á ní ẹ̀yìn ń ro òun.

Ẹ̀rín náà kò pẹ́. Ní kété tí mo kọjá Ìgẹ̀dẹ̀ tí ọ̀nà tẹ́jú, ariwo kan bẹ̀rẹ̀ lórí akoto mi, gbù-gbù-gbù-gbù, bí ìgbà tí wọ́n ń lu páànù. Orí mi ń mì. Gíláàsì náà ga dé iwájú orí mi, afẹ́fẹ́ tó sì gba orí rẹ̀ kọjá ń yí po, ó ń já lé akoto. Mo dúró l'Áràmọ̀kọ, mo bọ́ akoto, etí mi ń hó. Ìṣòro kejì tún ni pé inú gíláàsì ni mo ti ń wo ọ̀nà. Ọ̀sán kò burú. Lálẹ́, tí iná mọ́tò tó ń bọ̀ bá tàn sí i, gbogbo rẹ̀ á funfun báláú, n ò ní rí kòtò.

Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi bínú sí owó mi kí n tó rí ojútùú rẹ̀: mo gé e. Mo jókòó sórí máṣíìnì bí mo ṣe máa ń jókòó gan-an, pẹ̀lú akoto àti ẹrù lẹ́yìn, ìyàwó mi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó fi máákà fa ìlà síbi tó bá ṣóńṣó imú mi dọ́gba. Mo lẹ sẹ́lótéèpù mọ́ ìlà náà kí etí rẹ̀ má baà hán, mo fi ayùn irin eléyín wẹ́wẹ́ gé e pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, mo fi fáìlì dán etí rẹ̀. Látìgbà náà, orí rẹ̀ ni mo ń gbà wo ọ̀nà. Ariwo yẹn kò tán pátápátá, ṣùgbọ́n ó rọlẹ̀ débi pé mo lè gbọ́ fèrè ọkọ̀ tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Tí òjò bá rọ̀, orí àti ọwọ́ á tutù, àyà á gbẹ. Ìyẹn tó mi.

Ohun tó ṣì ń bà mí lẹ́rù ni tírélà. Láàárín Àràmọ̀kọ sí Ìtàwúrẹ́, bí ọ̀kan bá bá mi pàdé ní eré, afẹ́fẹ́ rẹ̀ á gbá gíláàsì náà mú, torí pé orí hándù ló wà, hándù ni yóò sì fà. Tí mo bá ti rí i lókèèrè, mo ń dín eré kù sí 50, n kì í di hándù mú le jù. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn láti tẹ̀ ẹ́ dópin, ẹ ti gbọ́ o.

Ọmọ iṣẹ́ mi ló ba apá kan rẹ̀ jẹ́. Ọ̀dà ta sí i lára, ó fẹ́ ṣe mí lóore, ó fi epo bẹntiróò nù ún. Kò ju ọjọ́ mélòó kan lọ tí ìlà wẹ́wẹ́ yọ nísàlẹ̀ rẹ̀ bí òwú aláǹtakùn. Omi, ọṣẹ díẹ̀, aṣọ rírọ̀, kò sí nǹkan mìíràn. Nígbà ọyẹ́, kí ẹ kọ́kọ́ da omi sí i kí eruku ṣàn lọ. Ẹni tó bá nù ún ní gbígbẹ, iyẹ̀pẹ̀ ló fi ń fá a.

Ní ìgboro, kò wúlò fún nǹkan kan. Nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Ọjà Ọba, ṣe ló ń dí atẹ́gùn mọ́ mi, àwọn ọmọ àdúgbò sì ń bi mí pé, "Bọ̀dá, ìgbà wo ni bàálù yín máa gbéra?" Lórí epo, n kò rí ìyàtọ̀ kankan.

Ní oṣù tó kọjá, mo já ẹrù fún màmá kan l'Ẹ́fọ̀n. Wọ́n jáde láti inú ilé adìyẹ pẹ̀lú ìyàlẹ́nu. "Ṣé kò sí o? Ikọ́ rẹ ni mo máa ń gbọ́ kí n tó gbọ́ máṣíìnì." Mo fi gíláàsì náà hàn wọ́n, wọ́n fi ìka kàn án, wọ́n ní àwọn rò pé tẹlifíṣọ̀n ni mo gbé wá.

Èyí tí mo gé kúrò, ìyàwó mi ti gbà á. Òun ló fi ń bo abọ́ gààrí.