Bí Ẹ Bá Fẹ́ Kó Kúrò Lórí X: Mastodon Rèé, Bluesky Rèé

Ẹ̀yin tó ń ronú àtikúrò lórí X (Twitter àtijọ́), ẹ má kọ́kọ́ béèrè èyí tó dùn ún lò jù. Ẹ béèrè ohun tí ẹ lè kó dání bó bá di pé ẹ tún fẹ́ kúrò ní ibi tuntun náà. Ojú yẹn ni mo fi wo Mastodon àti Bluesky, ìkànnì méjì tí èèyàn ti lè máa kọ ọ̀rọ̀ ṣókí bíi ti X.

Lórí X fúnra rẹ̀, ohun tó ṣe é kó kò tó nǹkan. Ẹ lè gba ẹ̀dà gbogbo ọ̀rọ̀ tí ẹ ti kọ, àmọ́ ibẹ̀ ni àwọn tó ń tẹ̀lé yín yóò kù sí. Elon Musk ra á ní bílíọ̀nù 44 dọ́là lóṣù kẹwàá ọdún 2022. Kí ọdún kan tó pé, Twitter ti di X, àmì búlúù tí wọ́n fi ń dá ojúlówó mọ̀ sì ti di ohun tí à ń sanwó fún lóṣooṣù. Ilẹ̀kùn kan ṣoṣo ló ní, ó sì rọrùn láti tì. Ìjọba Nàìjíríà tì í láti ọjọ́ 5 oṣù kẹfà ọdún 2021 títí di ọjọ́ 13 oṣù kìíní ọdún 2022, tó fi jẹ́ pé VPN, ìyẹn ètò tó ń jẹ́ kó dà bíi pé orílẹ̀-èdè mìíràn lèèyàn wà, ni èèyàn fi ń yọ́ wọlé. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Brasil náà tì í lọ́dún 2024 fún ohun tó lé ní oṣù kan, ọ̀pọ̀ èèyàn sì ya lọ sí Bluesky.

Mastodon

Eugen Rochko ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Jámánì lọ́dún 2016. Kò sí ẹnì kan tó ni gbogbo rẹ̀. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún sáfà, ìyẹn ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà tí àkáǹtì àwọn èèyàn ń gbé lórí rẹ̀, ló wà, olúkúlùkù pẹ̀lú alábòójútó àti òfin tirẹ̀, gbogbo wọn sì ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tó wà lórí Gmail ṣe lè kọ̀wé sí ẹni tó wà lórí Yahoo. ActivityPub ni ìlànà tí wọ́n fi ń ṣe é, W3C, àjọ tó ń ṣètò ìlànà fún ìkànnì ayélujára, sì fọwọ́ sí i lọ́dún 2018. Kò sí ìpolówó. Bí ọ̀rọ̀ ṣe ń jáde lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni ẹ óò ṣe máa rí i.

Bí ẹ bá fẹ́ kó láti sáfà kan sí òmíràn, àwọn tó ń tẹ̀lé yín yóò bá yín lọ fúnra wọn. Ohun tí ẹ ti kọ kò ní bá yín lọ. Ó tún wá ku ibì kan: sáfà àtijọ́ gbọ́dọ̀ ṣì wà láàyè kí ìkólọ náà tó lè ṣeé ṣe. Lóṣù kejì ọdún 2024, sáfà kan tó ń jẹ́ queer.af ṣàdédé pàdánù orúkọ rẹ̀, torí pé .af jẹ́ ti orílẹ̀-èdè Afghanistan, ìjọba Taliban sì gba orúkọ náà kúrò lọ́wọ́ wọn. Nítorí náà, ẹ yẹ ìparí orúkọ sáfà wò, kí ẹ sì mú nínú èyí tó wà lórí joinmastodon.org. Àwọn yẹn ti ṣèlérí pé àwọn yóò fún èèyàn ní oṣù mẹ́ta kí àwọn tó kógbá wọlé, pé àwọn ń ṣe ẹ̀dà ìpamọ́ lójoojúmọ́, àti pé ó kéré tán ẹlòmíràn lè dé ìdí ẹ̀rọ náà bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀.

Yíyan sáfà yìí ló ń lé ọ̀pọ̀ èèyàn padà, mi ò sì dá wọn lẹ́bi. Ẹ tún mọ̀ pé alábòójútó lè ka ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀ yín. Ọ̀rọ̀ àṣírí, ẹ gbé e lọ sórí Signal, áàpù ìfọ̀rọ̀ránṣẹ́ tí ẹlòmíràn kò lè ka ohun tí ẹ bá sọ níbẹ̀.

Bluesky

Inú Twitter ni wọ́n ti bí i lọ́dún 2019, nígbà tí Jack Dorsey ṣì jẹ́ ọ̀gá ibẹ̀. Láti oṣù kejì ọdún 2024 ni ẹnikẹ́ni ti lè wọlé láìgba ìwé ìpè. Ẹni tó bá mọ Twitter kò ní ṣìnà níbẹ̀. Ẹ lè fi àdírẹ́sì ìkànnì yín ṣe orúkọ, ìyẹn sì ti jẹ́ ẹ̀rí pé ẹ̀yin gan-an ni, láìsan kọ́bọ̀ fún àmì búlúù kankan.

Bí wọ́n ṣe là á sílẹ̀, ó dára ju Mastodon lọ nídìí ìkólọ: ọ̀rọ̀ yín àti àwọn tó ń tẹ̀lé yín lè jọ kúrò lórí sáfà kan lọ sí òmíràn. Ṣùgbọ́n orí sáfà ilé-iṣẹ́ Bluesky fúnra rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ jù lọ ń gbé, owó olùdókòwò ló sì wà nídìí ilé-iṣẹ́ náà. Lóṣù kẹjọ ọdún 2025, wọ́n ti áàpù wọn pa fún gbogbo ìpínlẹ̀ Mississippi ní Amẹ́ríkà nítorí òfin tó ní kí wọ́n máa yẹ ọjọ́ orí wò. Ìyẹn ló ń kọ mí lóminú.

Àwa tó ń fi àmì sórí Yorùbá

Ibí yìí ni X ti ń rẹ́ wa jẹ. Ẹ kọ «ọ̀rọ̀» síbẹ̀: àmì méje ni yóò kà á sí, torí ó ń ka ọ kọ̀ọ̀kan sí méjì, ó sì tún ń ka àmì ohùn tó wà lórí rẹ̀ lọ́tọ̀. Mẹ́ta péré ni Bluesky àti Mastodon kà á sí. Nínú àtẹ̀jáde kan, àmì 280 ni X ń fún ẹni tí kò sanwó, Bluesky ń fún yín ní 300, Mastodon 500. Oríkì tó máa gba ìlà mélòó kan lè wọlé sórí Mastodon láìjá sí méjì. Ẹ tún lè yan Yorùbá gẹ́gẹ́ bí èdè ọ̀rọ̀ yín.

Owó ńkọ́?

Ọ̀fẹ́ ni gbogbo rẹ̀. Ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ sáfà tirẹ̀ ló máa náwó. Ti Bluesky fúyẹ́: RAM (ìrántí ẹ̀rọ) gígábáìtì 1 àti ààyè ìpamọ́ gígábáìtì 20 tó fún èèyàn tí kò ju ogún lọ. Ti Mastodon wúwo jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí àwòrán láti sáfà mìíràn yóò máa kún un. Ẹ sanwó fún ẹni tó mọ̀ ọ́n tọ́jú.

Oníròyìn àti ọlọ́jà tí oníbàárà wọn ti mọ́ Twitter lára, Bluesky ni kí ẹ lọ, kí ẹ sì ra orúkọ ìkànnì tiyín kí ẹ tó forúkọ sílẹ̀. Ẹgbẹ́, ilé ẹ̀kọ́, àti ẹnikẹ́ni tó ń kọ Yorùbá gígùn, Mastodon ni mo fọwọ́ sí. Ẹ kọ́kọ́ gba ẹ̀dà ọ̀rọ̀ yín lórí X, kí ẹ lẹ àdírẹ́sì tuntun mọ́ ibi tí ẹ ti júwe ara yín, kí ẹ sì fi àkáǹtì náà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Bí ẹ bá pa á, ọgbọ̀n ọjọ́ péré lẹ ní láti yí èrò padà.