Afárá tí ọmọ mi kò ṣe: kíláàsì iṣẹ́ ẹ̀rọ ọjọ́ Sátidé kan ní Gwarinpa, Àbújá

A ti ń sún mọ́ Kubwa lọ́sàn-án Sátidé náà nígbà tí ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún 8, gbé afárá kékeré tó mú bọ̀ láti kíláàsì, tó wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ní, "Màmi, èyí kì í ṣe tèmi o. Tèmi kán. Àǹtí ti dà á nù, wọ́n ní kí n máa mú èyí lọ sílé." Mo wo afárá náà dáadáa. Igi áisìkiríìmù tí wọ́n tò gún régé ni, gọ́ọ̀mù kò sì yọ jáde níbì kankan. Ọmọ tí kì í lẹ bébà kí gọ́ọ̀mù má dé irun rẹ̀ kọ́ ló ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo wá ibi tí mo ti lè yí ọkọ̀ padà, ó di Gwarinpa.

Ara ògiri kíláàsì wọn ni wọ́n kọ ìgbésẹ̀ márùn-ún sí, àwọn tí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ìlú Boston ní Amẹ́ríkà ṣètò fún ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀: béèrè, ronú, ṣètò, ṣe é, tún un ṣe kó dára sí i. Nítorí ìgbésẹ̀ karùn-ún yẹn ni mo ṣe sanwó, òun gan-an ni wọ́n sì gbà lọ́wọ́ ọmọ mi.

Ọmọbìnrin tó ń gba àlejò ní kí n jókòó, ó sì padà sórí fóònù rẹ̀. Ìṣẹ́jú 40 ni mo fi jókòó. Ó fún mi ní fọ́ọ̀mù tí wọ́n ń kọ ẹ̀sùn sí àti bíírò tí kò kọ. Nígbà tí mo béèrè òmíràn, ó ní ọ̀gá ló mú èyí tó kù. Nígbà tí ọ̀gá náà jàjà jáde, ó ní, "Ẹ má bínú, mà. Àwọn òbí ló máa ń bá wa jà bí ọmọ bá gbé àfọ́kù wálé. Wọ́n á ní ṣé ohun tí àwọn ń sanwó fún nìyẹn." Inú ń bí mi, ṣùgbọ́n n kò rí èsì fọ̀, nítorí pé èmi náà ti gbé àwòrán tọ́ọ̀ṣì tí ọmọ mi mú wálé lọ́sẹ̀ tó ṣáájú sórí WhatsApp, gbogbo ẹbí sì ti kí mi kú oríire. Ta ló mọ ẹni tó ṣe tọ́ọ̀ṣì?

Olùkọ́ kan wà níbẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin tí ohùn rẹ̀ jọ ti ará Ìlọrin. Kò bá mi sọ nǹkan kan. Ó lọ tú garawa ilẹ̀, ó ṣa afárá ọmọ mi jáde, ó gbé e sórí tábìlì, ó sì lóṣòó títí ojú òun àti ti ọmọ fi ṣe déédéé. "Ibo ló ti kọ́kọ́ yẹ̀?" Ọmọ mi fọwọ́ kan igun kan. Onígun mẹ́rin ni gbogbo ara afárá náà, bẹ́ẹ̀ onígun mẹ́rin tí a bá tì lápá kan yóò wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Olùkọ́ náà lẹ igi mẹ́ta pọ̀ di onígun mẹ́ta, ó ní kó tì í, kò mira. Ó bi í bóyá ó ti rí irú rẹ̀ níbì kan rí. Ọmọ mi ronú. "Ní Jẹ́bà! Afárá ọkọ̀ ojú irin tí a máa ń rí tí a bá ń lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́."

Ní Sátidé kejì, wọ́n fi okùn so ike kan mọ́ abẹ́ afárá rẹ̀ tuntun, wọ́n ń fi píọ̀ wọ́tà sínú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ìkọ̀ọ̀kan tó nǹkan bí ìdajì kílò. Èyí tó kọ́kọ́ ṣe kò ré kọjá 3. Ti ọ̀tẹ̀ yìí wọ́, gọ́ọ̀mù bò ó, kò dùn ún wò rárá, ó sì gbé 14. Nígbà tó kán, tí omi tú sílẹ̀ yàà, ọmọ náà fò sókè: "Mo ti rí ibi tó ti yẹ̀!"

Síbẹ̀, lẹ́yìn tí a san ₦40,000 fún Sátidé 8 tán ni wọ́n tó yọ ₦6,000 owó irinṣẹ́ síta. Irinṣẹ́ wo? Ọmọ mẹ́rin ló ń lo sísọ́ọ̀sì kan. Abẹ́ fèrèsé kíláàsì gan-an ni wọ́n gbé jẹnẹrétọ̀ sí. Títí di òní, kò sí ẹni tó bẹ̀ mí nítorí ìṣẹ́jú 40 yẹn.

Ìràwọ̀ 2 nínú 5 ni mo fún wọn. Mo ti san owó sáà tó ń bọ̀, mo sì ti ní kí wọ́n kọ orúkọ ọmọ mi sí kíláàsì olùkọ́ ọ̀hún.