Tarkwa Bay: òkun ò ṣẹ̀ mí, bóòtì ló ṣẹ̀ mí

Èmi tí wọ́n bí sí Ìsàlẹ̀ Èkó, ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹsẹ̀ tẹ etíkun Tarkwa Bay o, ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín. Títì mọ́tò ò dé ibẹ̀, orí omi nìkan lèèyàn ń gbà, torí ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wa ṣe máa ń sọ pé "a máa lọ" títí ọdún á fi yípo.

Mo mọ̀ọ́mọ̀ lọ lọ́jọ́ Túsìdeè ni, torí tó bá di Sọ́ńdè, bí ẹni wà lọ́jà Balógun ni. Àwa tó wà létí omi ò pé mẹ́wàá. Ihò akàn kún orí iyanrìn, tẹ́ ẹ bá dúró jẹ́ẹ́ wọ́n á yọjú, wọ́n á wò yín, wọ́n á tún sá wọlé. Omi yẹn wá rọ̀ bí omi inú abọ́! Odi òkúta táwọn òyìnbó mọ sínú òkun láyé ìjọba àmúnisìn, kí ọkọ̀ òkun lè ráyè wọ Èkó, òun ló ń gba ìgbì dúró. Ẹ rìn kọjá sí Lighthouse Beach kẹ́ ẹ wá wo ìgbì gidi, ẹ ò ní dán lílúwẹ̀ẹ́ wò níbẹ̀. Odi yẹn náà ló ń dá iyanrìn tí òkun ń wọ́ lọ sí ìlà oòrùn dúró, ẹ̀gbẹ́ Lighthouse ń jèrè, Bar Beach wa lódìkejì ló jìyà ẹ̀, ẹ ṣáà rántí bí omi ṣe máa ń wọ títì ní Victoria Island kí wọ́n tó mọ odi ìlú tuntun Eko Atlantic.

Bóòtì ni mi ò ní dákẹ́ lé lórí. Iye tí wọ́n kọ́kọ́ pè, ìdajì ẹ̀ ni mo san, ẹ ná an dáadáa o. Laifù jákẹ́ẹ̀tì tí wọ́n kó fún wa tutù rin, ó ń rùn bí ẹja àná, tèmi ò ní ìdè, okùn ike ni ọmọ bóòtì fi so ó mọ́ mi láyà. Mo ní "Bọ̀ọ̀dá, ṣé èyí lè gbé mi léfòó báyìí?" Ó ní "Àǹtí, ẹ fọkàn balẹ̀, omi ò le lónìí." Ta ló bi í nípa omi?

Oúnjẹ, ẹ gbé tiyín dání, àgbọn nìkan ni mo rí rà. Kẹ́ ẹ tó bọ́ọ́lẹ̀ ẹ béèrè ìgbà tí wọ́n máa padà wá gbé yín, àwa jókòó wákàtí kan ààbọ̀. Mo fún Tarkwa Bay ní ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún, ẹyọ kan tí mo yọ, ti okùn ike yẹn ni.