Ọ̀pẹ̀lẹ̀ àti páálí àyẹ̀wò: èwo la fẹ́ bi ní kí ni?

Bí ibà bá mú ọmọ ìyá ẹlẹ́ja kan ní ọjà Olúwo, Ẹ̀pẹ́, ẹlòmíì á ní kó gba ilé ìwòsàn lọ, ẹlòmíì á ní ilé babaláwo.

Ọ̀pẹ̀lẹ̀, ẹ̀wọ̀n tí babaláwo fi ń dá Ifá, ní awẹ́ mẹ́jọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan lè ṣí tàbí kó dé. Ìdí nìyẹn tí odù fi jẹ́ 256. Ìṣirò oníméjì-méjì yìí náà ni kọ̀ǹpútà ń lò. Babaláwo á jù ú sórí ẹní, á wo bó ṣe balẹ̀, á sì máa ki ẹsẹ odù tó yọ títí oníbèéèrè á fi gbọ́ ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ níbẹ̀. Ìmọ̀ ńlá ni, mo sì bọ̀wọ̀ fún un gidigidi.

Ti sáyẹ́ǹsì: ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan lórí páálí àyẹ̀wò ibà ẹ̀fọn, nǹkan bí ìṣẹ́jú 15 sí 20, ilà tó ń sọ pé ibà wà níbẹ̀ á yọ tàbí kó má yọ. Ẹni tó gbà á gbọ́ àti ẹni tí kò gbà á gbọ́, ilà kan náà ni wọ́n á rí. Karl Popper, onímọ̀ ọgbọ́n-orí, ní ohun tí a bá pè ní sáyẹ́ǹsì gbọ́dọ̀ ṣeé já ní irọ́.

Páálí ò lè dáhùn "kí ló dé tó fi jẹ́ èmi?" Ifá lè bá èèyàn jókòó tì í. Àmọ́ ibà ẹ̀fọn lè di ńlá láàárín wákàtí 24. Ẹ kọ́kọ́ yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ wò.