Ẹ̀kọ́ Àdúgbò Lórí Ọmọ Tí Wọ́n Pè Ní Àjẹ́: Ohun Tí A Rí Nínú Ètò Tó Ń Lọ Ní Iléṣà

Ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ kan ń lọ káàkiri àdúgbò ní Iléṣà, fún òbí, ìyálọ́jà, olórí ìjọ àti àwọn àáfà, lórí bí a ṣe lè dáàbò bo ọmọ tí wọ́n bá pè ní àjẹ́ tàbí ẹmẹ̀rẹ̀. Wákàtí 2 ni. Ìlera ọmọdé ni iṣẹ́ tiwa, ojú yẹn la sì fi wò ó.

Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ dára gan-an. Wọn kì í béèrè bóyá àjẹ́ wà tàbí kò sí, nítorí àríyànjiyàn ni yóò jẹ gbogbo àkókò, àwọn àgbà á sì dìde lọ. Òwe ni wọ́n gbé kalẹ̀: "Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ?" Olùkọ́ á wá ní kí wọ́n ka gbogbo nǹkan mìíràn tó ṣẹlẹ̀ lánàá: ara ọmọ gbóná, ó yàgbẹ́ gbuuru, ó kọ oúnjẹ, wọn ò gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Kò ní pẹ́ tí pátákó á fi kún.

Apá àìsàn náà péye. Gìrì tí ibà ń fà sábà máa ń mú ọmọ oṣù 6 sí ọdún 5. Ọmọlańgidi ni wọ́n fi ń kọ́ni: ẹ tẹ́ ọmọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan, ẹ tú aṣọ ọrùn rẹ̀, ẹ wo aago. Ẹ má ki ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ẹ má ti ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ iná, ẹ má sì fún un ní àgbo tí wọ́n fi ìtọ̀ màlúù ṣe, torí ó lè fa ṣúgà ara rẹ̀ wálẹ̀. Bí gìrì bá ju ìṣẹ́jú 5 lọ, ó di ilé ìwòsàn Wesley Guild. Wọ́n sọ̀rọ̀ nípa tọkọtaya tí jẹ́nótáìpù ẹ̀jẹ̀ àwọn méjèèjì jẹ́ AS pẹ̀lú: nínú oyún kọ̀ọ̀kan, ìdá kan nínú mẹ́rin ni ewu pé ọmọ á jẹ́ SS, ìyẹn àìsàn sickle cell. Ìdílé tí ọmọ ti ń kú léraléra nílò àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó pe ọmọ tó ṣẹ́kù ní àbíkú.

Ọ̀rọ̀ ìjẹ́wọ́ ọmọ ni wọ́n yára fò. "Òun fúnra rẹ̀ ló jẹ́wọ́" ni ọ̀rọ̀ tó máa ń pa gbogbo ẹnu mọ́. Ìbéèrè bíi "Ta ló fún ẹ lẹ́ran jẹ lójú àlá?" ti gbé ìdáhùn fún ọmọ kó tó ya ẹnu. Ọmọ tí ebi ń pa, tí wọn ò jẹ́ kó sùn, á dárúkọ ẹnikẹ́ni kí wọ́n lè fi í sílẹ̀. Ìṣẹ́jú 10 kò tó fún èyí. Kí wọ́n gé àkókò kún un lára apá òfin, níbi tí àwọn ènìyàn ti ń tòògbé. Gbólóhùn kan tó: ẹni tó bá fẹ̀sùn àjẹ́ kan ẹlòmíràn ti rú abala 210 ìwé òfin ìwà ọ̀daràn, ẹ̀wọ̀n ọdún 2 sì lè tẹ̀lé e.

Àléébù tó dùn wá jù ni ti alẹ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n bá fẹ̀sùn kan ọmọ. "Ẹ lọ fẹjọ́ sùn" nìkan ló wà nínú ìwé ìléwọ́ wọn. Aládùúgbò tó ń gbọ́ igbe ọmọ ní aago 11 alẹ́ ńkọ́? Kó má bá olùfisùn jiyàn níwájú èrò, torí èrò lè dara pọ̀ mọ́ ọn. Kó pe àgbà méjì, kí wọ́n gbé ọmọ lọ sọ́dọ̀ ìbátan mìíràn tàbí ilé baálé. Bí egbò bá wà, ilé ìwòsàn ló kàn, kí dókítà kọ ohun tó rí sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ọlọ́pàá àti ọ́fíìsì ìgbáyé-gbádùn ní ìjọba ìbílẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi àwòrán ojú rẹ̀ sórí WhatsApp. Orúkọ àjẹ́ á tẹ̀ lé e dé ilé ẹ̀kọ́.

Ọmọ òrukàn, ọmọ orogún àti ọmọ tó ní wárápá ni wọ́n sábà máa ń fojú sí, ìyá àgbà ló sì ń tọ́ púpọ̀ nínú wọn. Àwọn ìyá yìí kì í lè wá lọ́sàn-án ọjọ́ ọjà Atakúnmọ́sà. Ìjọ tàbí mọ́sálásí tó bá fẹ́ pe ètò yìí, kó ní kí wọ́n wá lẹ́yìn ìsìn, kí olùkọ́ fi Ìjẹ̀ṣà sọ ọ́, kí wọ́n sì padà wá wo ọmọ náà lẹ́yìn oṣù kan, torí bí àìsàn mìíràn bá tún wọ ilé, ẹ̀sùn àtijọ́ ló máa ń jí dìde.