Sefaria lórí fóònù olùkọ́ Bíbélì: ó wúlò, àmọ́ ẹ mọ bí ẹ ṣe máa lò ó

Bí oṣù Kejìlá bá ti wọlé, ní ECWA ní Ẹ̀gbẹ̀ o, ní Kátólíìkì ní Kàbà o, Aísáyà orí 7 àti orí 9 ló máa ń kúnnú ìwé kíkà. Tó bá di Ọjọ́ Ẹtì Rere, ó kan Aísáyà 53. Ibẹ̀ ni olùkọ́ kan á ti dìde, á ní, “Àwọn Júù sọ pé...” Ẹ bi í pé Júù wo, nínú ìwé wo, ọ̀rọ̀ parí nìyẹn. Sefaria, áàpù tí à ń yẹ̀ wò yìí, ló ń dáhùn ìbéèrè náà. Ọ̀fẹ́ ni. Joshua Foer àti Brett Lockspeiser ló dá a sílẹ̀ ní 2011, àjọ tí kò wá èrè ló sì ń bójú tó o. Bíbélì Hébérù, Talmud (àkójọ àríyànjiyàn àwọn rábì, ìyẹn olùkọ́ àwọn Júù), Midrash (ìtumọ̀ wọn lórí ẹsẹ Bíbélì) àti àlàyé àwọn rábì àtijọ́ ló kó jọ, ó wá so wọ́n mọ́ ara wọn ní ẹsẹ kọ̀ọ̀kan. Fún ẹni tó fẹ́ mọ ibi tí Júù àti Kristẹni ti ya ara wọn lórí Májẹ̀mú Láéláé, a ò rí ohun ọ̀fẹ́ tó sàn jù ú lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá kù gìrì wọ inú rẹ̀ lè gbé àṣìṣe tó wúwo ju ti tẹ́lẹ̀ lọ jáde.

Ẹ gbà á níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti dáa, kí ẹ tó lọ sí abúlé. Lẹ́yìn náà, ẹ wọ Settings, ẹ wá ibi tí wọ́n ti ń gba ìwé pamọ́ fún ìgbà tí kò sí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ má gba gbogbo rẹ̀, ó máa ń jẹ àyè fóònù gan-an, dátà náà kì í ṣe kékeré. Tanakh (orúkọ tí Júù ń pe Bíbélì Hébérù) pẹ̀lú àlàyé rẹ̀ ti tó fún ìbẹ̀rẹ̀. Bí àyè bá kù, ẹ fi Talmud kún un. Ẹni tó bá fo ìgbésẹ̀ yìí, ẹsẹ Bíbélì lè jáde lójú fóònù, kí àlàyé rẹ̀ máa yí bírí láì dé, nígbà tí kíláàsì ń wò ó lójú. Bí lẹ́tà Hébérù bá kún ojú ìwé, àmì kan wà lókè tí wọ́n kọ A àti lẹ́tà Hébérù kan sí. Ibẹ̀ ni ẹ ti máa yan Gẹ̀ẹ́sì nìkan. Tí ẹ bá wá tẹ ẹsẹ kan, pátákó kan á ṣí pẹ̀lú Commentary, Talmud, Midrash àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, á sì sọ iye ohun tó wà lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ohun àkọ́kọ́ tó máa ń da àwọn èèyàn láàmú ni nọ́ńbà. Olùkọ́ á wá Aísáyà 9:6, “a bí ọmọ kan fún wa”, ọ̀rọ̀ mìíràn ni yóò bá. Orí 9:5 ló wà níbẹ̀. Míkà 5:2 tó dárúkọ Bẹ́tílẹ́hẹ́mù, 5:1 ni tiwọn. Jóẹ́lì 2:28, tí à ń kà ní Pẹ́ńtíkọ́sì, ti di 3:1. Málákì wọn kò ní orí 4 rárá: ìlérí Èlíjà tó wà ní 4:5 tiwa, 3:23 ni ẹ ti máa rí i. Sáàmù ló wá le jù, torí pé wọ́n máa ń ka àkọlé Sáàmù mọ́ ẹsẹ. “Dá ọkàn mímọ́ sínú mi” tó jẹ́ 51:10 di 51:12. Ẹni tí kò mọ èyí á ní àwọn Júù ti yọ ẹsẹ kúrò. Wọn ò yọ nǹkan kan. Ìwé 24 tí wọ́n ń kà náà ni Pùròtẹ́sítáǹtì ń kà sí 39, torí wọ́n ka Sámúẹ́lì méjèèjì sí ìwé kan, àwọn wòlíì kéékèèké méjìlá sì jẹ́ ẹyọ kan. Òfin Mẹ́wàá pàápàá, kíkà rẹ̀ yàtọ̀: lọ́dọ̀ Júù, “Èmi ni OLÚWA Ọlọ́run rẹ” ni àkọ́kọ́, “má ṣe pànìyàn” jẹ́ ìkẹfà fún wọn àti fún ECWA, ó sì jẹ́ ìkarùn-ún fún Kátólíìkì. Ìyẹn nìkan ti tó láti dá ìjà sílẹ̀ láàárín ọmọ iléèwé méjì tí wọ́n jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà.

Ẹ jẹ́ ká gbé Aísáyà 53 wò dáadáa, torí ibẹ̀ ni áàpù yìí ti fi agbára hàn. Ọ̀rọ̀ tó gbòde lórí WhatsApp ni pé Júù fi orí náà pamọ́. Ẹ ṣí i, ó wà níbẹ̀ látòkè délẹ̀. Òótọ́ tó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà ni pé nínú kíkà sínágọ́gù lọ́jọ́ Sábáàtì, ọ̀sẹ̀ kan máa ń parí sí Aísáyà 52:12, ọ̀sẹ̀ mìíràn á bẹ̀rẹ̀ láti 54:1. Bẹ́ẹ̀, apá díẹ̀ péré ni wọ́n máa ń kà nínú ìwé gbogbo àwọn wòlíì. Orí tí wọn kì í kà pọ̀ ju èyí tí wọ́n ń kà lọ.

Ẹ wá tẹ ẹsẹ ibẹ̀, kí ẹ yan Rashi. Rashi, rábì ilẹ̀ Faransé tó gbé ayé láàárín 1040 sí 1105, ní Ísírẹ́lì gẹ́gẹ́ bí orílẹ̀-èdè ni ìránṣẹ́ tó ń jìyà náà. Ẹ̀rí tí wọ́n ń gbé lé kò ṣe é gbá dànù: Aísáyà 41:8, 44:1 àti 49:3 pe Ísírẹ́lì ní “ìránṣẹ́ mi” ní gbangba. Kristẹni á fèsì pé 49:5-6 fi ìránṣẹ́ náà ránṣẹ́ sí Ísírẹ́lì, báwo ni èèyàn ṣe ń jẹ́ ìránṣẹ́ sí ara rẹ̀? Pé 53:8 sì ní torí ẹ̀ṣẹ̀ “àwọn ènìyàn mi” ni wọ́n ṣe lù ú. Ìbéèrè náà ti pẹ́: nínú Ìṣe 8:34, ìwẹ̀fà ará Etiópíà béèrè bóyá wòlíì ń sọ̀rọ̀ ara rẹ̀ ni tàbí ti ẹlòmíràn.

Ibi tí olùkọ́ ti máa ń kọsẹ̀ nìyí: ó ka Rashi, ó sì pa ìwé dé. Àwọn kan tilẹ̀ ń wàásù pé Rashi ló hùmọ̀ ìtumọ̀ náà láti fi sá fún Jésù. Kò rí bẹ́ẹ̀. Origen, baba ìjọ Kristẹni, kọ ọ́ sílẹ̀ ní ọ̀rúndún kẹta pé òun gbọ́ ìtumọ̀ yìí gan-an lẹ́nu Júù, ó ju 700 ọdún ṣáájú Rashi. Ní òdìkejì ẹ̀wẹ̀, ẹni tó bá ní gbogbo Júù ló gbà pé Ísírẹ́lì ni kò ka ìyókù. Targum, ìtumọ̀ àtijọ́ ní èdè Árámáíkì, fi “Mèsáyà” kún “ìránṣẹ́ mi” ní 52:13, àmọ́ ó gbé ìyà náà kúrò lára Mèsáyà. Talmud, ní apá rẹ̀ tó ń jẹ́ Sanhedrin, ojú ewé 98b, fa 53:4 yọ nígbà tí wọ́n ń sọ orúkọ Mèsáyà. Ọ̀nà mẹ́ta nìyẹn nínú ilé kan ṣoṣo.

Lórí Talmud, ohun kan wà tí ẹ ò gbọ́dọ̀ fojú fò. Nínú ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí áàpù náà ń lò, lẹ́tà tó dúdú kirikiri ni ọ̀rọ̀ Talmud fúnra rẹ̀. Èyí tó fẹ́lẹ́, àlàyé Rábì Steinsaltz ní ayé òde òní ni. Ẹni tó bá ṣe àdàkọ rẹ̀ sórí WhatsApp, dídúdú á pòórá, á wá fi ẹnu rábì òní pe ti ọ̀rúndún kẹrin. Irú àṣìṣe yìí kò ní àtúnṣe tó bá ti tàn ká.

Ẹ gbìyànjú Sanhedrin 99a fún Aísáyà 9. Rashi ní Hesekáyà ọba ni ọmọ tí wọ́n bí fún wa yẹn. Rábì kan nínú Talmud, Hillel (kì í ṣe Hillel àgbà tó lókìkí o), bá ọ̀rọ̀ yẹn dé òpin: ó ní Ísírẹ́lì kò ní Mèsáyà kankan mọ́, wọ́n ti jẹ ẹ́ tán láyé Hesekáyà. Rábì mìíràn, Rav Yosef, ní kí Ọlọ́run foríji Hillel. Ẹ̀rí rẹ̀ ni Sekaráyà 9:9, ọba onírẹ̀lẹ̀ tó gun kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́: Hesekáyà ti lọ tipẹ́ kí Sekaráyà tó sọ ọ́. Ẹsẹ Ọjọ́ Ìsinmi Ọ̀pẹ tiwa ni rábì fi ń gbèjà pé Mèsáyà ṣì ń bọ̀! Kò sí ìwé ìtọ́nisọ́nà Sunday School kankan tó máa fi eléyìí hàn yín.

Dáníẹ́lì 9:25 kò gba àkókò púpọ̀. King James so ọ̀sẹ̀ 7 mọ́ ọ̀sẹ̀ 62, ó di 69, ẹ sọ ọ́ di ọdún (ọdún méje fún ọ̀sẹ̀ kan), ó di 483, ìṣirò sì lè dé ìgbà Jésù. Bíbélì Júù dá gbólóhùn dúró lẹ́yìn 7, bí àmì kíkà Hébérù ṣe fi lélẹ̀: ẹni àmì òróró dé lẹ́yìn ọdún 49, Rashi sì ní Kírúsì ọba Páṣíà ni. Revised Standard Version ti Kristẹni náà dá a dúró síbẹ̀. Ẹni tó fẹ́ fi ìṣirò yìí wàásù, kó mọ̀ pé orí ibi tí gbólóhùn ti dúró ni gbogbo rẹ̀ gbé kalẹ̀.

Àléébù wà. Kò sí Yorùbá nínú rẹ̀, nítorí náà ẹ jẹ́ kí Bíbélì Mímọ́ ṣí sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fóònù. Májẹ̀mú Tuntun kò sí nínú ohun tó so mọ́ ẹsẹ, ẹ̀yin lẹ máa wá Mátíù fúnra yín. Ọ̀pọ̀ àlàyé, títí kan púpọ̀ nínú ti David Kimhi, rábì àtijọ́ tó dá Kristẹni lóhùn púpọ̀ lórí Sáàmù, ni ẹ máa bá ní Hébérù lásán. Èyí tó tún ṣe pàtàkì ni pé áàpù náà kò sọ fún yín ìgbà tí rábì ń bá Kristẹni jiyàn. Lórí Sáàmù 2, Rashi ní àwọn baba ti túmọ̀ rẹ̀ sí Mèsáyà, àmọ́ pé ó sàn ká túmọ̀ rẹ̀ sí Dáfídì. Àwọn ìwé àfọwọ́kọ kan fi kún un pé láti fi dá àwọn aládàámọ̀ lóhùn ni. Ó jẹ́wọ́ ìdí rẹ̀. Kì í ṣe gbogbo wọn ló ń jẹ́wọ́, ẹ fi ọgbọ́n kà á.

Fún kíláàsì ìṣẹ́jú 40, ẹsẹ kan ti tó, kò sì yẹ kó jẹ́ Aísáyà 7:14, torí ariwo lásán ni yóò dà. Ẹ mú Hósíà 11:1, “láti Íjíbítì ni mo ti pe ọmọ mi”. Ẹ ka ẹsẹ náà tán, kí kíláàsì sọ ta ni ọmọ yẹn: Ísírẹ́lì ni, Hósíà fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Lẹ́yìn náà ẹ ṣí Mátíù 2:15. Tí ẹnì kan bá ní Mátíù lọ́ ọ̀rọ̀ po, ẹ fi Sanhedrin 98b hàn án, kó rí bí àwọn rábì pẹ̀lú ṣe ń gbé ẹsẹ kúrò níbi tó wà láti fi sọ ohun mìíràn. Ẹ fi ìṣẹ́jú 15 sílẹ̀ fún àríyànjiyàn, torí á ṣẹlẹ̀.