Onídìrí tó mọ iyì àsìkò: ìrírí mi ní ṣọ́ọ̀bù Ìyá Ìbejì ní Mọ́kọ́lá

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Ó ti tó oṣù méje báyìí tí mo ti ń dirí lọ́dọ̀ ìyá kan tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Ìbejì, níbí ní Ìbàdàn, ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ni, kò jìnnà sí Mọ́kọ́lá bíríìjì, kò ní síńbọ́ọ̀dù ńlá, àga mẹ́ta péré ló wà níbẹ̀. Mo ti ń sọ ọ́ fún àwọn ará ibi iṣẹ́ wa lọ́kọ̀ọ̀kan títí ó fi sú mi, ni mo ṣe ní kí n kúkú kọ ọ́ síbí kí ẹni tó bá ń wá irú ẹ̀ lè rí i.

Nọ́ọ̀sì ni mí, mo ní ọkọ, mo ní ọmọ méjì. Tí mo bá ń ṣe mọ́níìn, aago márùn-ún ìdájí ni mo ti wà ní kíṣìnnì, tí mo bá ṣe náìtì, aago mẹ́jọ àárọ̀ ni mò ń jáde, kí n tó délé, kí n tó fọṣọ, kí n tó lọ mú àwọn ọmọ níléèwé, ilẹ̀ ti ṣú. Tí ẹnì kan bá sọ fún mi nígbà yẹn pé "ẹ máa tọ́jú ara yín o", inú ló máa ń bí mi, nínú àsìkò wo? Orí mi gan-an lẹ máa fi mọ̀. Mo lè gbé irun kan náà sórí fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, màá kàn de fìlà lé e, orí á máa yún mi níwájú àwọn aláìsàn.

Kì í ṣe pé mi ò fẹ́ dirí. Onídìrí tí mò ń lò tẹ́lẹ̀, mi ò ní dárúkọ ẹ̀, ọwọ́ ẹ̀ dáa gan-an, ṣùgbọ́n odindi Sátidé mi ló ń gbà. Wọ́n á ní "ẹ máa bọ̀, kò sí èrò", ẹ débẹ̀ ẹ bá èèyàn mẹ́fà lórí ìjókòó, wọ́n á tètè fa yín jókòó kí ẹ má baà lọ, wọ́n á di ìlà mẹ́ta, wọ́n á fi yín sílẹ̀ lọ bẹ̀rẹ̀ ti ẹlòmíì. Ìlà mẹ́ta! Ta ló fẹ́ bọ́ sí títì pẹ̀lú ìlà mẹ́ta lórí? Ọjọ́ kan wà tí mo débẹ̀ láago mẹ́sàn-án àárọ̀ tí mo kúrò láago mẹ́rin àbọ̀, ọmọ mi kékeré ti fi ebi sùn sí mi lẹ́sẹ̀, bẹ́ẹ̀ mo ní náìtì lálẹ́ ọjọ́ náà. Inú máíkírà ni mo ti sunkún délé. Látìgbà yẹn ni mo ti gbà pé irun dídì kì í ṣe fún irú èèyàn tèmi.

Ti Ìyá Ìbejì yàtọ̀ pátápátá. Orí mẹ́rin péré ni òun àti ọmọṣẹ́ ẹ̀ ń dì lójúmọ́. Ẹ máa kọ̀wé sí i lórí WhatsApp, ẹ ya fọ́tò irun yín bó ṣe wà kó lè mọ bó ṣe pọ̀ tó àti bó ṣe gùn tó, ẹ sọ irú èyí tí ẹ fẹ́, òun náà á sọ fún yín pé "wákàtí méjì àbọ̀ nìyẹn". Ẹ san ẹgbẹ̀rún kan náírà sílẹ̀, orúkọ yín ti wọ̀wé. Mi ò gbà á gbọ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Mo débẹ̀ ní aago mẹ́wàá ku ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹni tó ṣáájú mi ti dìde, ó ń wo dígí. Nígbà tó máa fi di aago mẹ́wàá, òòyà ti wọ orí mi. Aago méjìlá àbọ̀ kọjá díẹ̀ ni mo jáde. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mi ò mọ ibi tí mo fẹ́ lọ, torí mo ti ya gbogbo ọjọ́ yẹn sọ́tọ̀ fún un. Mo lọ jẹ àmàlà, èmi nìkan, jẹ́jẹ́, ẹnikẹ́ni ò pè mí ní Mọ́mì títí mo fi fọwọ́. Mo délé, mo sùn.

Ọwọ́ ẹ̀ ńkọ́? Ó mọ́. Kòlẹ́sẹ̀ ni mo máa ń ṣe jù torí fìlà iṣẹ́, ṣùkú á gbé fìlà sókè. Ẹ̀yìn òòyà ló fi ń la orí, á ki ìka bọ òrí, á fi ra ojú ìlà náà láti iwájú dé ìpàkọ́ kó tó mú irun. Tó bá wá kan iwájú orí àti ẹ̀bá etí, ọwọ́ ẹ̀ á dẹ̀, kì í fà á rárá, á ní kí n ṣẹ́jú, á béèrè pé "Nọ́ọ̀sì, ṣé kò fà yín?" Ẹ̀yin tó jẹ́ pé Panadol lẹ fi ń sùn lálẹ́ ọjọ́ tí ẹ bá dirí, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ. Àwọn kókó wẹ́wẹ́ tó máa ń yọ níwájú orí yẹn, kì í ṣe pé irun náà "ṣì tuntun" o, ìdí irun ni wọ́n ń fà, tó bá ti ń rí bẹ́ẹ̀ lọ́dọọdún, irun ibẹ̀ á máa sá sẹ́yìn, tó bá yá kò ní hù mọ́. Mo ti rí i lórí àwọn màmá tó ń wá sí wọ́ọ̀dù wa, ó máa ń dùn mí.

Nígbà tí mo gba lífù, mo ní kó kó onílé gogoro fún mi. Fọ́tò J.D. 'Okhai Ojeikere ni mo fi hàn án lórí fóònù, bàbá tó bẹ̀rẹ̀ sí í ya fọ́tò irun orí àwọn obìnrin Nàìjíríà ní 1968, dúdú àti funfun, ẹ̀yìn orí ló pọ̀ nínú wọn. Ìyá Ìbejì gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó fẹ̀ ẹ́, ó ní "irú èyí tí màmá mi máa ń kó nìyí", ó sì dákẹ́ fúngbà díẹ̀. Òwú dúdú ló fi kó o, ó ń wé e mọ́ irun látìdí dé ṣóńṣó títí ó fi dúró gbọin bíi wáyà, ó wá tẹ̀ wọ́n síra wọn. Wákàtí mẹ́ta ni, bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe sọ tẹ́lẹ̀. Màmá ọkọ mi rí i, wọ́n na ọwọ́ kàn án, wọ́n ní irú ẹ̀ ni àwọn gbé sórí relé ọkọ.

Ohun tí kò tẹ́ mi lọ́rùn náà wà. Wọn kì í fọ irun níbẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ ti fọ̀ ọ́ kó sì ti gbẹ kí ẹ tó dé. Ibẹ̀ máa ń gbóná tí kò bá sí iná. Owó ẹ̀ ju ti etí títì lọ, ẹgbẹ̀rún márùn-ún ni kòlẹ́sẹ̀. Tí ẹ bá sì pẹ́ ju ogún ìṣẹ́jú lọ, ààyè yín ti lọ, owó tí ẹ san sílẹ̀ náà ti lọ. Ó ṣẹlẹ̀ sí mi lọ́jọ́ kan tí mo ní kí n gba ẹnu náìtì lọ tààrà, ẹni tó fẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi ló pẹ́, mi ò lè fi aláìsàn sílẹ̀, mo dé láago mọ́kànlá ku ogún. Ó ní "Nọ́ọ̀sì, ẹ má bínú, ẹni aago méjìlá àbọ̀ náà níbi tó ń lọ." Ó dùn mí gan-an. Lójú tèmi, ó yẹ kó gbé owó yẹn sí ọjọ́ mí-ìn fún ẹni tí iṣẹ́ bá dá dúró, mo sì sọ fún un. Ṣùgbọ́n òfin yẹn náà ló jẹ́ kí n máa bá àga lófo tí mo bá dé.

Ní báyìí, tí rósítà oṣù bá ti jáde, kí ẹnikẹ́ni tó bẹ̀ mí pé ká pààrọ̀ dúútì, màá wá ọjọ́ ọ́ọ̀fù kan láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta-mẹ́ta, màá fi bíírò pupa kọ "ORÍ MI" sí i, màá lẹ̀ ẹ́ mọ́ fíríìjì. Ọkọ mi ló ń lọ mú àwọn ọmọ lọ́jọ́ náà. Lákọ̀ọ́kọ́ ó béèrè pé "torí irun nìkan?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, torí irun nìkan. Mo ti tìtorí ẹ̀ pa ìpàdé ẹgbẹ́ jẹ, mi ò sì kábàámọ̀. Tí mo bá ti jókòó, mo máa ń pa fóònù. Látàárọ̀ ṣúlẹ̀ èmi ni mò ń gbé èèyàn, èmi ni mò ń wẹ èèyàn, èmi ni mò ń di ọwọ́ èèyàn mú kí abẹ́rẹ́ tó wọlé. Lórí àga yẹn, ọwọ́ ẹlòmíì ló wà lórí tèmi, kò sì béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ mi. Ìlà kẹta, ìlà kẹrin, oorun á gbé mi lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ lọ, Sátidé máa ń kún ní bíi ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, Ọjọ́bọ̀ ló rọrùn jù. Ẹ mú àbẹ̀bẹ̀ dání, kí ẹ sì wọ ẹ̀wù tó ní bọ́tìnnì níwájú, kí ọrùn ẹ̀wù má baà ba irun jẹ́ tí ẹ bá délé.